Ètò òòjọ́ àwọn ọmọdé nínú ilé: ṣé aago la ó máa tẹ̀lé ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí o. Aránṣọ ni mí, Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn là ń gbé, inú ilé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì ọdún mẹ́ta, àbúrò wọn oṣù mẹ́wàá. Àkọ́bí nìkan ló ń lọ sílé ìwé, aago méjì ọ̀sán ló ń dé. Mo rí ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ aago sí lára láti àárọ̀ títí dalẹ́: aago méje ìwé kíkà, aago méje ààbọ̀ oúnjẹ, aago mẹ́jọ ìṣeré, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dà á kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò pẹ́ tó fi dàrú. Oníbàárà á dé, iná á lọ, ọmọ kékeré á máa ké. Ọkọ mi ní kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀, pé ọmọdé ò nílò aago. Ìyá ọkọ mi ní ṣé sójà ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe ni. Àmọ́ tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń sùn, ẹkún ni wọ́n sì fi ń jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

* * *

Ìdáhùn: Ẹ já ìwé yẹn kúrò lára ògiri, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ètò bá a lọ. Aago tí wọ́n kọ síwájú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló da ọ̀rọ̀ rú. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tó ń jẹ́ aago méje ààbọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé tí òun bá wẹ̀ tán, ẹ̀kọ ló kàn. Tí òun bá jẹun ọ̀sán tán, ẹní ló kàn. Ìtẹ̀léra ni ọmọdé fi ń mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Tí ìtẹ̀léra yẹn bá ti dúró, ẹ lè fi wákàtí kan sún gbogbo ẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ọmọ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yẹ̀.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí kí n tó jókòó ti àwọn ọmọ tèmi nílé. Aago wà ní kíláàsì wa, àmọ́ àwa olùkọ́ là ń wò ó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni àwọn ọmọ ń wò: orin àárọ̀, ìwé, ìṣeré níta, ọwọ́ fífọ̀, oúnjẹ, oorun. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí kò sí bí wọ́n ṣe máa jáde, ijó la máa ń jó nínú kíláàsì dípò ìṣeré, ọwọ́ fífọ̀ á sì tẹ̀lé e bó ṣe máa ń tẹ̀lé e. Ara wọn á balẹ̀. Ọjọ́ tí olùkọ́ tuntun bá dé tó fi oúnjẹ ṣáájú ìṣeré, ẹ ó gbọ́ igbe dé ẹnu géètì.

Nǹkan márùn-ún ni mo máa ń sọ fún òbí pé kó dì mú: ìgbà tí wọ́n ń jí, oúnjẹ àárọ̀, oorun ọ̀sán, ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, àti ìgbà tí wọ́n ń sùn lálẹ́. Àwọn márùn-ún yìí kì í pààrọ̀ àyè. Gbogbo ohun tó kù láàárín wọn, ì báà jẹ́ ìwé, ìṣeré, ilé títún ṣe tàbí lílọ sọ́jà, ẹ máa yí wọn bí ọjọ́ bá ṣe rí. Tí oníbàárà bá jókòó pẹ́, ìwé lónìí lè má wáyé. Kò bàjẹ́. Àmọ́ oorun ọ̀sán ò gbọdọ̀ tìtorí oníbàárà yẹ̀.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì tó wọlé láti àná. Àwọn tó ní kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn sì jọra: "Àwa ò ní ètò kankan nígbà tí à ń dàgbà, a sì dàgbà."

N ò gbà. Ẹ rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ yín dáadáa. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti jí yín pé kí ẹ lọ kí àwọn àgbà. Ẹ gbálẹ̀, ẹ wẹ̀, ẹ mu ẹ̀kọ, tí Ọlọ́run bá ṣe é, àkàrà wà níbẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ẹ máa sáré kiri níta. Ìrọ̀lẹ́ ni bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran. Ilẹ̀ bá ṣú, ẹ jẹun, wọ́n pa àlọ́, oorun kùn yín. Àlọ́ yẹn pàápàá, èèwọ̀ ni lọ́sàn-án lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbà. Kí lẹ rò pé ó fà á? Wọ́n fẹ́ kí ọ̀sán jẹ́ tiṣẹ́, kí òru jẹ́ tàlọ́. Ètò ni gbogbo ìyẹn. Kò sí lórí ìwé, àmọ́ gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yí padà ni ọwọ́ tó ń bá èèyàn gbé e. Nígbà yẹn, ìyá bàbá wà nínú ilé, àbúrò ọkọ wà, àwọn ẹ̀gbọ́n wà, aládùúgbò lè bá ọmọ wí láìjẹ́ pé ìjà dé. Ètò ò sinmi lé ọrùn obìnrin kan ṣoṣo. Lónìí, tí ọkọ bá ní "fi àwọn ọmọ sílẹ̀", ta ló ń fi wọ́n sílẹ̀ fún? Ìyàwó yẹn náà ni. Torí náà, mo bẹ ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ síbí: kẹ́ ẹ tó sọ pé ọmọ ò nílò ètò, ẹ kọ́kọ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan jókòó ti ọmọ mẹ́ta tí oorun ń kùn tí wọn ò fẹ́ sùn.

Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ní aago ni kí ẹ tẹ̀lé, pé ọmọ tí ò bá mọ aago ò ní mọ ìbáwí. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, torí mo rí ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń dá a lẹ́kun rí. Síbẹ̀, tí ebi bá ń pa ọmọ ọdún mẹ́ta ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, tí ẹ ní àfi kí aago méjìlá lù, kò sí ìbáwí níbẹ̀. Ebi ni ẹ fi ń pa á. Ìbáwí wà nínú pé kó fọwọ́ kó tó jẹun, kó jókòó síbì kan jẹ ẹ́, kó gbé àwo rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná nígbà tó bá tán.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé kí ló burú nínú kí ọmọ sùn laago mẹ́wàá, pé tirẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì le.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní ọmọ oṣù 4 sí 11 yẹ kó sùn wákàtí 12 sí 16 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ ọdún 1 sí 2, wákàtí 11 sí 14. Ọmọ ọdún 3 sí 4, wákàtí 10 sí 13. Àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà náà ka ọmọ ọdún 5 mọ́ àwọn tó ń fẹ́ wákàtí 10 sí 13.

Ẹ wá wo àkọ́bí ìyá yìí. Ó sùn laago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n jí i laago mẹ́fà àárọ̀ torí ilé ìwé. Wákàtí 8 nìyẹn. Tí kò bá sùn lọ́sàn-án, ó ti jẹ gbèsè wákàtí 2 lọ́jọ́ kan, ó sì ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹkún àárọ̀ yẹn kì í ṣe ìwà burúkú, oorun ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń nà láàárọ̀ pé ó ń fa ẹsẹ̀, oorun ni.

Ẹ má fa oorun alẹ́ wọn láti aago mẹ́wàá bọ́ sí aago mẹ́jọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹkún nìkan lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 tètè sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tún fi 15 mìíràn sún un. Àárọ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ máa jí wọn ní ìgbà kan náà, títí kan ọjọ́ Sátidé, ká má jẹ́ kó fi ju wákàtí kan lọ. Ẹ tún wo oorun ọ̀sán ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn. Tó bá sùn laago mẹ́rin tó jí laago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sí àdúrà tó máa mú kó sùn laago mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kó sùn kété tó bá jẹun ọ̀sán, kó sì ti jí kí aago mẹ́rin tó lù.

Ọ̀nà yìí kan náà lẹ máa gbà nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ń parí lóṣù Kẹsàn-án. Ẹ má dúró di alẹ́ tó ṣáájú ìwọlé.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́ yín, torí ọ̀pọ̀ èsì ló fò ó dá. Ìyá tó ń ránṣọ nílé kò lè ṣètò ọmọ kó má ṣètò iṣẹ́.

Iṣẹ́ kan wà tó léwu, ọ̀kan wà tó ń fẹ́ kí ọkàn pa pọ̀, ọ̀kan sì wà tẹ́ ẹ lè dáwọ́ ẹ̀ dúró nígbàkígbà. Gígé aṣọ léwu, ó sì ń fẹ́ ọkàn: àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́, aṣọ olówó iyebíye wà nílẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́wàá ń rá bọ̀. Ìgbà tí ọmọ kékeré bá sùn ni kẹ́ ẹ máa gé e. Ayọ́ọ̀nù di alẹ́, nígbà tí gbogbo wọn bá ti sùn. Àmọ́ títú ojú rírán àti títo àwọ̀ òwú, ẹ lè máa ṣe ìyẹn lójú wọn. Abẹ́rẹ́ àti píìnì kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ rárá. Agolo onídèérí ni kẹ́ ẹ máa kó wọn sí, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ò tó.

Tó bá jẹ́ èmi, bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Àkọ́bí á lọ sílé ìwé. Àwọn kékeré á jẹun, wọ́n á bọ́ síta kí oòrùn tó mú. Ìlànà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ọmọ ọdún 3 sí 4 ń fẹ́ ìṣẹ́jú 180 tó fi ń lo ara lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ jẹ́ eré tó lágbára, bíi sísáré àti fífò, nítorí náà ìta àárọ̀ yìí kì í ṣe àfiṣòfò. Bí oorun bá ń kun ọmọ kékeré níwọ̀n aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, mo máa tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta á jókòó sí ìkangun yàrá pẹ̀lú àpótí àjákù aṣọ àti páálí. Àpótí yẹn kì í jáde nígbà mìíràn àyàfi ìgbà tí mo bá ń gé aṣọ, kó má baà sú u. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n á dé laago méjì, á bọ́ aṣọ, á fọwọ́, á jẹun, gbogbo wọn á dùbúlẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè má sùn. Ẹ má fi dandan mú un. Kó sáà dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìwé aláwòrán.

Àkókò yìí ni kẹ́ ẹ sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má wá. Ẹ kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀wọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ là ń wọn aṣọ." Ẹ ò ní pàdánù oníbàárà gidi. Mo mọ aránṣọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ ti mọ̀, wọn kì í tiẹ̀ pè é lórí fóònù lọ́sàn-án mọ́, nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń yà.

Lẹ́yìn oorun, iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́bí, kó má kọjá ìdajì wákàtí lọ́jọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìta lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ẹ bá fẹ́ dáná alẹ́, ẹ fi wọ́n sínú iṣẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ka síbí, ó lè to àwo, ó lè fọ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè bá yín ṣa ẹ̀wà, àmọ́ lójú yín ni o, torí ẹ̀wà kì í pẹ́ wọnú imú ọmọdé. Ẹ̀pà odidi ńkọ́? Ẹ má fún wọn rárá, ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Ìwẹ̀, oúnjẹ, eyín fífọ̀, àlọ́, oorun.

Mi ò kọ aago sí púpọ̀ nínú gbogbo ìyẹn, ẹ ti rí i.

* * *

Ọ̀rọ̀ fóònù ti dá ìjà sílẹ̀ níbí. Àwọn kan ní kí fóònù má dé ọwọ́ ọmọ láéláé. Àwọn mìíràn ní láìsí fóònù, àwọn ò lè ṣiṣẹ́.

Ìlànà 2019 yẹn ò gba fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Fún ọmọ ọdún 2 sí 4, wọ́n ní kó má kọjá wákàtí 1 lójúmọ́, pé tó bá tiẹ̀ dín sí i, ó sàn. Torí náà, ọmọ oṣù mẹ́wàá ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì la ń sọ.

Ohun tí mo ń sọ fún ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kó má fi fóònù pẹ̀tù sẹ́kún. Tí ọmọ bá ti mọ̀ pé ẹkún ló ń mú fóònù wá, ẹkún ni yóò máa pe. Ẹ fún un ní àyè kan pàtó nínú ìtẹ̀léra, kí ó wá ní ìgbà tẹ́ ẹ nílò ọwọ́ yín jù. Ní ilé yín, màá fi sí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń da epo gbígbóná tàbí tẹ́ ẹ bá ń ro àmàlà lọ́wọ́, ṣáájú ìwẹ̀. Kí ìwẹ̀ sì máa tẹ̀lé e lójoojúmọ́, kó jẹ́ pé omi ló ń pa á, kì í ṣe ìyá. Ẹ má sì sọ pé "ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún". Ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ìṣẹ́jú. Ẹ sọ pé "tí eléyìí bá parí, omi ló kàn", kí ẹ sì jẹ́ kó parí lóòótọ́.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé gbogbo ètò òun ń bàjẹ́ nígbà tí iná bá dé laago mẹ́sàn-án alẹ́: àwọn ọmọ á jí, wọ́n á pariwo "Iná ti dé!", ẹni tó ti sùn á bọ́ sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Iná lè yí iṣẹ́ àgbà padà. Ẹ dìde, ẹ fa omi, ẹ lọ aṣọ, ẹ tan ẹ̀rọ ìránṣọ. Kó má yí oorun ọmọ padà. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ pa gbogbo iná yàrá tí wọ́n wà, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má baà tan fúnra rẹ̀. Fáànù nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní títàn. Tí iná bá dé, atẹ́gùn ló máa dé bá wọn, ìmọ́lẹ̀ ò ní dé.

* * *

Bàbá kan ní Mọ́wé kọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára. Ó ní òun ń jáde nílé kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, Èkó ni òun ń ṣiṣẹ́, òun kì í dé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí àwọn ọmọ bá ń sùn laago mẹ́jọ, ìgbà wo ni wọ́n máa rí bàbá wọn?

Àwọn èèyàn ti dá a lóhùn pé kó fara dà á, pé oorun ọmọ ló ṣe pàtàkì. Ó yá wọn lẹ́nu jù. Ọmọ tí kì í rí bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ń pàdánù nǹkan, bàbá náà sì ń pàdánù. Àmọ́ wíwà lójúfò títí aago mẹ́wàá ò tún un ṣe, torí ọmọ tí oorun ń kùn àti bàbá tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti lù pa kì í gbádùn ara wọn. Ìbínú ló sábà máa ń ti ibẹ̀ wá.

Bàbá wa, ẹ mú nǹkan kan nínú ìtẹ̀léra náà kó jẹ́ tiyín. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín, ilé ìwé ò sí lọ́jọ́ kejì. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n sùn pẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìwẹ̀ àárọ̀ Sátidé àti oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí ìyá wọn má dá sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ pè wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́, bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ ń há yín mọ́ Bẹ́gà. Ẹ gbóhùn àlọ́ kan sílẹ̀ sórí fóònù ìyá wọn, kó máa tàn án fún wọn lórí ẹní. Ohùn yín ni wọ́n á fi sùn.

* * *

Ìyá kan láti Peckham ní London bi wá léèrè nípa tirẹ̀: lóṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án yóò fi kọjá, ọmọ rẹ̀ ń sọ pé "ilẹ̀ ò tíì ṣú". Lóṣù Kejìlá ẹ̀wẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje jálẹ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ fún ọmọ pé "ilẹ̀ ti ṣú, ó ti di oorun". Lọ́hùn-ún, ẹ má fi ojú ọ̀run ṣe àmì. Ẹ ra kọ́tìnnì tó nípọn tí ìmọ́lẹ̀ ò lè là kọjá, ẹ fà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀, kí ìwẹ̀, pìjámà, àlọ́ àti iná pípa máa tẹ̀lé ara wọn lọ́nà kan náà lóṣù Kẹfà àti lóṣù Kejìlá. Nǹkan mìíràn tún wà: ẹ sọ ìwẹ̀ di àkókò Yorùbá. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti bọ́ sínú omi títí tí yóò fi sùn, Yorùbá nìkan. Ẹ̀yà ara, omi, ọṣẹ, aṣọ, orin, àlọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń padà wá.

* * *

Kúkúrú lórí lẹ́sìnnì àti ilé kéwú, torí àwọn mẹ́ta ló béèrè. Ilé kéwú ìrọ̀lẹ́ dára fún ọmọ ọdún márùn-ún tó bá ti sùn lọ́sàn-án tàbí tó ti sinmi. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí àyè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn tó bá dé. Lẹ́sìnnì fún ọmọ ọdún mẹ́ta? Rárá. Ẹ fi owó yẹn ra bọ́ọ̀lù.

Nínú Ààwẹ̀, tí sààrì bá ń jí àwọn ọmọ, ẹ fi kún oorun ọ̀sán fún oṣù yẹn. Tí Ìtúnu bá kọjá, ẹ tún fi ìṣẹ́jú 15, 15 dá wọn padà.

* * *

Lórí ìyá ọkọ, mo rí i tí àwọn kan ń sọ pé kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá sí ọmọ yín. N ò fara mọ́ ọn rárá. Ìyá yẹn rí aago lára ògiri, ó rò pé ìyàwó ọmọ òun ti gbàgbé pé ọmọdé ni wọ́n. Ìfẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé: "Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti já ìwé náà dànù. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n máa tètè sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa àlọ́ fún wọn tẹ́ ẹ bá wà lọ́dọ̀ wa." Ẹni tó bá ń pa àlọ́ alẹ́ fún ọmọ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e dúró títí aago mẹ́wàá. Tí wọ́n bá sì fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì kí oúnjẹ tó délẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí wọ́n ń sùn ló ṣe kókó sí mi ju bisikíìtì lọ.

* * *

Ìyá tó béèrè ti padà wá. Ó ní àwọn méjì àgbà ti ń sùn kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti gba àlọ́. Ó ní àkọ́bí ya àwòrán korobá, abọ́, ẹní àti òṣùpá sára páálí, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn fún àbúrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páálí yẹn wà lára ògiri, mo bẹ̀ yín, kò ní aago nínú.

Ó wá béèrè nípa ọmọ kékeré: ó ń sùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ìgbà wo ni yóò di ẹ̀ẹ̀kan, kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí àkókò tí ó fi ń gé aṣọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín oṣù 12 sí 18 ni. Ẹ ó rí àmì rẹ̀: á máa kọ oorun àárọ̀, tàbí kó sùn ún, kó wá máa ṣeré lórí ẹní lọ́sàn-án. Ẹ má kánjú mú un kúrò torí ọjọ́ kan tàbí méjì tó kọ̀ ọ́, eyín tó ń hù tàbí ọ̀fìnkìn lè fà á. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sún oorun àárọ̀ yẹn sápá ọ̀sán díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè fún un ní oúnjẹ ọ̀sán láwọn ọjọ́ yẹn, kó má baà sùn sórí abọ́. Tó bá ti dé ẹ̀yìn oúnjẹ, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jọ máa dùbúlẹ̀. Aṣọ gígé á wá kúrò láàárọ̀ bọ́ sí àkókò yẹn, láàárín aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin, kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́rin nígbà yẹn. Tóun náà bá kọ̀ tí kò sùn lọ́sàn-án mọ́, ẹ fún un ní ìwé aláwòrán bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi ìdajì wákàtí tètè sùn lálẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.